Bí A Ṣe Lè Kọ́ Ilé Orí Igi Tí Ọmọ Yóò Dàgbà Nínú Rẹ̀

Kí òbí tó gbé ayùn tàbí òòlù láti kọ́ ilé orí igi fún ọmọ rẹ̀, ohun kan wà tó yẹ kó mọ̀ nípa igi, nítorí pé òun ni yóò pinnu gbogbo ohun tó kù. Igi kì í gbé ohun tí a kàn mọ́ ọn lára lọ sókè. Ṣóńṣó ẹ̀ka ni igi ti ń ga. Ìtì rẹ̀ kàn ń nípọn sí i lọ́dọọdún ni. Ibi tí a bá kan irin mọ́ ní ẹsẹ̀ bàtà 5 sí ilẹ̀ lónìí, ẹsẹ̀ bàtà 5 náà ni yóò wà nígbà tí ọmọ tí a kọ́ ọ fún bá ti di bàbá tàbí ìyá. Ọmọ ni ó ń ga. Pẹpẹ tí ọmọ ọdún 6 ń gbójú sókè wò kò ní ju ibi àgbọ̀n rẹ̀ lọ mọ́ nígbà tí ó bá pé ọdún 15. Nítorí bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ méjì ni ẹni tó ń kọ́ ilé orí igi ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà: ó ń fi àyè sílẹ̀ fún igi tí yóò nípọn, ó sì ń fi àyè sílẹ̀ fún ọmọ tí yóò yí padà. Bí ilé orí igi bá tètè bàjẹ́, tàbí tí ọmọ bá tètè pa á tì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọ̀kan nínú àyè méjèèjì yìí ni a kò fi sílẹ̀.

Àwọn òbí, àwọn ẹ̀gbọ́n àti àwọn òbí àgbà tó ń gbé ní ìwọ̀-oòrùn Ìpínlẹ̀ Kogí ni mo ń bá sọ̀rọ̀, ní Kàbà àti Búnú, ní Ìjùmú, ní Yàgbà méjèèjì àti ní Mọ̀pà-Múrò, níbi tí àgbàlá ṣì gbòòrò tó láti ní igi tirẹ̀. Mo sì ń bá àwọn èèyàn wa tó ń gbé ní Lọ́kọ́ja, Àbújá, Ìlọrin tàbí Èkó sọ̀rọ̀, àwọn tó máa ń kó ọmọ wálé nígbà Kérésìmesì àti Ọdún Àjíǹde, tí ọmọ wọn kò sì tíì fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀ka igi rí. Pẹpẹ orí igi kì í ṣe àjèjì sí wa. Ọdẹ a máa di igi mọ́ ẹ̀ka igi ńlá láti jókòó ṣọ́ ẹran lóru. Nínú oko ìrẹsì àti oko ọkà bàbà, ọmọdé a máa jókòó lórí pẹpẹ gíga pẹ̀lú kànnàkànnà lọ́wọ́, kí ẹyẹ má baà jẹ irè oko tán. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ni pé iṣẹ́ àwọn àgbà ni a ń ṣe lórí àwọn pẹpẹ wọ̀nyẹn. Èyí tí a ń sọ yìí wà fún ọmọ fúnra rẹ̀, kò sì sí ẹyẹ kankan tí a rán an láti lé níbẹ̀.

Mo mọ̀ pé àwọn àgbà kan yóò béèrè ohun tí ọmọ fẹ́ fi ilé mìíràn ṣe nígbà tí yàrá wà nínú ilé. Ìdáhùn mi ni pé nínú ọ̀pọ̀ agboolé wa, kò sí ibì kan tó jẹ́ ti ọmọ. Àga kan wà tó jẹ́ ti bàbá, ilé ìdáná jẹ́ ti ìyá, gbogbo ọmọ ni wọ́n jọ ń sùn sórí ibùsùn kan, àlejò tó bá sì dé lálẹ́ ni yóò gba ibùsùn náà. Ọmọ tó ní igun kan tí ó lè gbá, tí ó lè tò bí ó ti wù ú, tí ó sì lè pinnu ẹni tí yóò wọ ibẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ohun tó ń jẹ́ onílé: pé ẹni tó ni ibì kan ni yóò tọ́jú rẹ̀, òun náà ni yóò sì dáhùn bí nǹkan bá bàjẹ́ níbẹ̀. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2003 ka ìsinmi àti eré mọ́ ẹ̀tọ́ gbogbo ọmọ. Mo fara mọ́ ọn pátápátá, mo sì gbà pé eré tó ṣe ọmọ láǹfààní jù ni èyí tí àgbàlagbà kò darí.

Igi tí ẹ ó yàn

Mángòrò ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ó wà ní ọ̀pọ̀ agboolé, ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ̀ka rẹ̀ nípọn, èyí tó hù láti inú kóró sì sábà máa ń là sí méjì tàbí mẹ́ta ní ìsàlẹ̀, níbi tí ọwọ́ àgbà lè tó. Ibi tó là bẹ́ẹ̀ ni yóò gbé ilé dúró. Àléébù rẹ̀ ni oje rẹ̀, tó máa ń mú kí ara ẹlòmíràn yún un kó sì lé ròrò. Nítorí náà, ẹni tó bá ń lu ihò sára rẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọwọ́ tó ti kan oje náà nu ojú.

Kajú pọ̀ ní àyíká wa, nítorí pé Kogí wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí kajú ti ń jáde jù ní Nàìjíríà, ẹ̀ka rẹ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé ọmọ ọdún 4 lè gùn ún. Ìyẹn gan-an ló ń tan àwọn òbí jẹ. Igi rẹ̀ kò le tó ti mángòrò, ẹ̀ka rẹ̀ tó na gbọọrọ lè ya nígbà tí ẹrù bá wúwo lórí rẹ̀, epo tó wà nínú èèpo kóró rẹ̀ sì ń bó ènìyàn lára. Ẹ jẹ́ kí ọmọ máa gun kajú ṣeré, ṣùgbọ́n ẹ má ṣe kọ́ ilé sí i.

Igi irú àti igi òrí lágbára, wọ́n sì ń pẹ́ láyé, àmọ́ oúnjẹ àti owó àwọn ìyá ń ti ara wọn jáde. Ẹni tó bá fẹ́ lò wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ ẹni tó ń ṣa èso wọn, kódà bí igi náà bá wà lẹ́yìnkùlé òun fúnra rẹ̀. Ọ̀pẹ, àgbọn àti ìbẹ́pẹ kò ní ẹ̀ka tí a lè gbára lé. Ìrókò tàbí àràbà tó dúró lẹ́bàá ìlú lè jẹ́ igi tí ìlú ń bọ̀wọ̀ fún. Àwọn àgbà ni kí ẹ bi, ẹ má ṣe fi ojú lásán pinnu.

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti rí igi, ẹ má tíì sún mọ́ ọn. Igi gogoro má gùn mí lójú, àtòkèrè la ti ń wò ó. Ẹ dúró sí ọ̀nà jíjìn, kí ẹ wò bóyá igi náà fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, àti bóyá ẹ̀ka gbígbẹ wà lókè orí rẹ̀ tó lè já lu ẹni tó bá wà nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ rìn yí ìdí rẹ̀ ká. Olú tó hù sí ìdí igi jẹ́ àmì pé nǹkan ń jẹrà nínú gbòǹgbò tàbí nínú ìtì. Ọ̀nà tí ikán fi ẹrẹ̀ mọ sára èèpo igi yẹ kó jẹ́ kí ẹ túbọ̀ wádìí. Bí ẹ bá sì fi ẹ̀yìn àdá lù ú tó dún bí ohun tó ṣófo, ẹ wá òmíràn. Ibi tí igi ti là ló yẹ kí ẹ tẹjú mọ́ jù lọ. Bí apá méjèèjì bá ya ara wọn gbòòrò, tí ààrin wọn rí bíi ìsàlẹ̀ ìkòkò, ó lágbára. Bí wọ́n bá fún pọ̀ tí èèpo sì ká wọ àárín wọn, igi kò so pọ̀ mọ́ igi níbẹ̀ dáadáa, ibẹ̀ sì ni yóò ti ya lọ́jọ́ tí ìjì bá dé. Okùn tí ẹ bá fi yí apá kọ̀ọ̀kan ká kò gbọdọ̀ kéré sí íǹṣì 30.

Ohun kan kù nípa ibùdó. Ẹ yàn igi tí a lè rí láti ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, tí a sì lè gbọ́ ohùn ọmọ láti ibẹ̀, kí wáyà iná ìjọba má sì kọjá nítòsí rẹ̀. Láyé àtijọ́, ènìyàn lè kọ́ ọ sí ẹ̀yìn odi tàbí sí ojú ọ̀nà oko. Lásìkò yìí tí ọkàn kò balẹ̀ nípa igbó wa, inú àgbàlá nìkan ni mo lè dábàá.

Àkókò

Láti oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí ẹ ṣe é. Òjò ti dá, ilẹ̀ ti le, pákó ti gbẹ, iṣẹ́ oko sì ti dínkù. Oṣù kẹta àti oṣù kẹrin kò dára, nítorí pé ìjì tó máa ń ṣáájú òjò ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún le púpọ̀, kò sì yẹ kó bá ilé náà láìtíì parí. Ìlà-oòrùn ni ìjì bẹ́ẹ̀ sábà máa ń gbà wá sí ìwọ̀-oòrùn, òjò rẹ̀ a sì máa fẹ́ wọlé láti ìhà kan náà. Torí ìdí èyí, ẹ kọ ẹ̀yìn ilé náà sí ìlà-oòrùn, kí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ wà ní ìhà kejì.

Iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀

Ilé tí mo ń ṣàpèjúwe yìí jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gígùn àti 6 ní fífẹ̀, kò sì ju ẹsẹ̀ bàtà 5 lọ láti ilẹ̀. Ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè jókòó síbẹ̀ kí wọ́n ta ayò láìfi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn. Ìhà kan rẹ̀ yóò sinmi lé apá méjì mángòrò tó là, ìhà kejì yóò sinmi lé òpó méjì tí a rì mọ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni igi kò ní nìkan ru gbogbo ẹrù, ihò tí a óò lu sí i lára yóò sì kéré. Bí àwọn kan bá fẹ́ kí òpó mẹ́rin gbé gbogbo ilé náà, kí igi kàn máa ṣíji bò ó, kò burú, pàápàá bí igi yín kò bá tíì nípọn tó.

Igi àyìn tàbí tíìkì ni ó yẹ fún òpó. Gígùn òpó kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà 10: 2 nínú ilẹ̀, 5 títí dé pẹpẹ, 3 tó kù lókè fún ọgbà tí ọmọ yóò máa dì mú. Ẹ fi iná jó ìsàlẹ̀ rẹ̀ dúdú kí ẹ tó rì í, nítorí ikán. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń da ọ́ìlì tí ẹ́ńjìnnì ti lò sí ihò òpó, ṣùgbọ́n gbòǹgbò igi wà nítòsí, ọ́ìlì náà yóò sì ba ilẹ̀ jẹ́ fún un. Ẹ gún erùpẹ̀ àti òkúta wẹ́wẹ́ mọ́ ìdí òpó títí kò fi ní mì mọ́.

Nípa bí a ṣe ń so igi ìdábùú mọ́ mángòrò, ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Ọ̀nà mẹ́ta ni àwọn ènìyàn ń gbà ṣe é, méjì nínú wọn ń pa igi. Àkọ́kọ́ ni ìṣó púpọ̀ tí a kàn pọ̀ sí ojú kan. Ojú ọgbẹ́ kọ̀ọ̀kan kéré lóòótọ́, ṣùgbọ́n igi tó wà láàárín wọn yóò kú, ọgbẹ́ yóò sì di ẹyọ kan ńlá tí omi àti ìdíbàjẹ́ yóò gbà wọlé. Èkejì ni wáyà tàbí okùn tí a fà mọ́ ara igi yíká. Gbogbo àgbẹ̀ ló mọ̀ pé bí a bá fẹ́ kí igi kú lórí ìdúró, èèpo rẹ̀ ni a óò bó yíká, nítorí pé oúnjẹ tí ewé ṣe ń gba abẹ́ èèpo sọ̀kalẹ̀ lọ bọ́ gbòǹgbò. Iṣẹ́ kan náà ni wáyà ń ṣe, ó kàn ń fi ọdún mélòó kan ṣe é ni: bí igi ti ń nípọn, wáyà kò na, yóò sì rì wọnú èèpo títí tí ọ̀nà oúnjẹ yóò fi dí.

Ọ̀nà kẹta ni ó tọ́: bóòtì ńlá ẹyọ kan ní apá kọ̀ọ̀kan. Igi lè pa ojú ọgbẹ́ kan ṣoṣo tó mọ́ dé, kí ó sì máa bá ìdàgbà rẹ̀ lọ. Bóòtì náà kò gbọdọ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ ju íǹṣì ¾ lọ, kí ó gùn tó íǹṣì 8, kí íǹṣì 5 ó kéré tán wọ inú igi. Pákó tó nípọn tó íǹṣì 2, tó fẹ̀ tó íǹṣì 8, tó sì gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 8 ni ìdábùú. Ihò tí ẹ lu sí i ní ọwọ́ ọ̀tún yóò ṣe rẹ́gí pẹ̀lú bóòtì. Èyí tó wà ní ọwọ́ òsì ni kí ẹ fà gùn ní ìbú tó íǹṣì 2, kí bóòtì lè máa yọ́ lọ yọ́ bọ̀ nínú rẹ̀. Bí atẹ́gùn bá fẹ́, apá méjèèjì mángòrò kì í mì pọ̀. Bí ìdábùú bá dè wọ́n pinpin, ọ̀kan nínú nǹkan mẹ́ta ni yóò ya: pákó, bóòtì tàbí igi. Ẹ fi wáṣà onírin tó nípọn sí àárín pákó àti èèpo igi, kí àlàfo íǹṣì kan wà níbẹ̀. Àlàfo yẹn ni àyè tí mo ní kí ẹ fi sílẹ̀ fún igi. Lọ́dọọdún, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹ wò ó; bí èèpo bá ti ń kan pákó, ẹ fi sípánà tú bóòtì síta díẹ̀.

Ìyókù kò le. Ìdábùú kejì yóò wà lára òpó méjèèjì ní ìwọ̀n kan náà. Pákó 5 tí ó nípọn tó íǹṣì 2, tó fẹ̀ tó íǹṣì 4, ni a óò tò sórí ìdábùú méjèèjì, íǹṣì 18 láàárín ọ̀kan sí èkejì. Pákó ìtẹ́lẹ̀ tó nípọn tó íǹṣì 1, tó sì fẹ̀ tó íǹṣì 6, ni a óò kàn lé wọn. Ẹsẹ̀ bàtà 12 ni wọ́n máa ń la pákó ní sọ́míìlì, nítorí náà ẹyọ 6 tí a gé sí méjì-méjì yóò kárí pẹpẹ náà. Ẹ fi àlàfo íǹṣì ¼ sáàárín wọn kí omi òjò lè ṣàn lọ, kí ẹ sì fi íǹṣì 2 sílẹ̀ yíká ibikíbi tí igi bá ti gba àárín pẹpẹ kọjá.

Ọgbà yíká pẹpẹ yóò ga tó ẹsẹ̀ bàtà 3. Òró ni kí ẹ to igi rẹ̀, kì í ṣe ìbú, nítorí pé igi tó wà ní ìbú jẹ́ àkàbà lójú ọmọdé, yóò sì gun un. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò gbọdọ̀ ju íǹṣì 4 lọ, kí orí ọmọ kékeré má baà wọ ibẹ̀ kí ó há. Ẹ lè lo ọparun, ó mọ́ lọ́wọ́, ó sì rọrùn láti pààrọ̀ nígbà tí kòkòrò bá jẹ ẹ́. Àkàbà yóò fì díẹ̀, ìgbésẹ̀ rẹ̀ yóò jìnnà sí ara wọn tó íǹṣì 10, yóò sì ní ibi tí ọwọ́ ọmọ lè dì mú ṣinṣin ní ẹnu ọ̀nà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí okùn tó ní ojóbó wà níbẹ̀ rárá, ì báà ṣe fún fífà ẹrù sókè, nítorí ọrùn àwọn ọmọdé.

Ní ti òrùlé, èrò mi ni pé kí ẹ má ṣe é ní ọdún àkọ́kọ́. Páànù ń gbóná, ẹ̀kan àti imọ̀ ọ̀pẹ tutù ṣùgbọ́n iná tètè ń mú wọn, ejò àti àkekèé sì fẹ́ràn láti sá pamọ́ sínú wọn. Ewé mángòrò tó fún ìbòòji. Bí ọmọ bá ti gbé ibẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, òun fúnra rẹ̀ yóò sọ bóyá òun fẹ́ òrùlé àti irú èyí tí òun fẹ́. Tapólì tí a lè ká kúrò ni ó sì sábà máa ń tó.

Nísàlẹ̀, ẹ ṣa gbogbo òkúta àti kùkùté kúrò, kí ẹ sì da èérún pákó láti sọ́míìlì sílẹ̀ kí ó jìn tó íǹṣì 9, títí kọjá ẹsẹ̀ bàtà 6 ní gbogbo ìhà pẹpẹ. Àwọn òbí máa ń fo iṣẹ́ yìí nítorí pé kò sí ẹni tí yóò rí i yìn wọ́n. Òun ni ó ń pinnu bóyá ọmọ tó ṣubú yóò sunkún lásán tàbí yóò lọ sí ilé ìwòsàn.

Nínú gbogbo iṣẹ́ yìí, níbo ni ọmọ wà? Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ kèrègbè. Ọmọ ni yóò di okùn ìwọ̀n mú, òun ni yóò fi bébà oníyanrìn fá ojú pákó kó má baà ṣe ẹ̀gún, òun ni yóò gun igi lọ wo ibi tí ojú ti ríran jù. Ẹ kan ìṣó díẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ó kan ìyókù, kódà bí ó bá tẹ̀ ẹ́. Ilé tí káfíńtà bá kọ́ parí nígbà tí ọmọ wà ní ilé-ìwé yóò dúró dáadáa, ṣùgbọ́n ilé káfíńtà ni lójú ọmọ náà.

Ìjì, iná àti àwọn ohun abẹ̀mí

Òfin àkọ́kọ́ tí ọmọ gbọ́dọ̀ mọ̀ lórí ni pé bí ojú ọ̀run bá ti ṣú ní ìlà-oòrùn, tàbí tí ó bá gbọ́ àrá lọ́nà jíjìn, kí ó sọ̀kalẹ̀ kí ó sì wọ inú ilé lọ, torí pé igi tó ga ni àrá sábà máa ń sán lù. Lẹ́yìn ìjì, àgbà ni yóò kọ́kọ́ gùn ún wò. Kí ọyẹ́ tó le, ẹ fi ọkọ́ ro koríko kúrò ní ẹsẹ̀ bàtà 15 yíká ìdí igi, nítorí iná ìgbẹ́ tí àwọn ọdẹ àti àgbẹ̀ ń dá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn kì í mọ ààlà. Ọmọ yóò sì fi ọ̀pá lu àkàbà àti pẹpẹ kí ó tó gòkè, kí ejò tó bá ń sinmi níbẹ̀ lè lọ. Bí agbọ́n tàbí oyin bá ṣe ìtẹ́ sí i, ẹ ti ilé náà pa títí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yóò fi kó wọn kúrò.

Ọmọ náà

Ọmọ ọdún 5 tàbí 6 kò gbọdọ̀ wà lókè láìsí àgbà nísàlẹ̀. Ní ìgbà yìí, gbogbo ohun tó ní ni yóò fẹ́ kó gòkè: bàtà, agolo, ọmọ ajá, àwo ìyá rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ó kó wọn, àyàfi ohun tó lè fọ́ tàbí tó lè gé e. Bí ó ti ń gbé wọn gòkè ni ó ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ kan ṣiṣẹ́ kí a fi èkejì di àkàbà mú.

Láti ọdún 7 sí 9 ni òfin máa ń bẹ̀rẹ̀. Wọn yóò sọ ẹni tó lè wọlé àti ẹni tí kò lè wọlé, wọn yóò fi ọ̀rọ̀ àṣírí sí ẹnu ọ̀nà, wọn yóò jà, wọn yóò lé ara wọn jáde, wọn yóò sì tún pè ara wọn padà kí ilẹ̀ tó ṣú. Àgbà tó bá sáré dá sí gbogbo ìjà yẹn ti gba ohun tí ilé náà wà fún lọ́wọ́ wọn. Ohun méjì péré ni mo gbà kí àgbà dá sí. Àkọ́kọ́ ni lílu ara ẹni lórí pẹpẹ. Èkejì ni kí wọ́n sọ pé obìnrin kò lè gun òkè. Ní agboolé wa, ọmọbìnrin ni a máa ń pè wá sí ilé ìdáná nígbà tí ọmọkùnrin bá ń ṣeré lọ. Bí ilé orí igi náà bá tún di ti ọkùnrin nìkan, ohun kan ṣoṣo ni a ti fi kọ́ àwọn ọmọ méjèèjì, kò sì dára. Bí ọmọbìnrin yín bá wà lókè, tí omi sì kù láti pọn, ẹ pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin.

Láàárín ìgbà yìí kan náà, ẹ bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀wọ̀ fún ẹnu ọ̀nà wọn. Ẹ kan ìdí igi kí ẹ tó gòkè. Kò bu àgbà kù láti béèrè pé, "Ṣé mo lè wá?" Ọmọ tí a ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ yóò mọ bí a ṣe ń béèrè lọ́wọ́ ẹlòmíràn, yóò sì mọ̀ pé a lè sọ pé rárá láìsí àrífín nínú rẹ̀.

Nígbà tí ọmọ bá wọ ọdún 10, ẹ fi bóòtì hàn án. Ẹ kọ́ ọ láti fi ìka wọn àlàfo àárín igi àti pákó, láti mọ pákó tó ti ń jẹrà nípa fífi ìṣó gún un, láti gbé èérún pákó tuntun wá sí ìdí igi kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 12, iṣẹ́ àyẹ̀wò náà yẹ kó ti di tirẹ̀, kí ẹ̀yin kàn máa tẹ̀lé e wò lẹ́yìn. Mo ka èyí sí ọkàn iṣẹ́ náà. Ọmọ yóò ṣàkíyèsí fúnra rẹ̀ pé igi ti nípọn sí i láti ọdún tó kọjá, yóò sì rí i pé òun náà kò lè dúró gangan mọ́ lábẹ́ ẹ̀ka kan tí ó ti ń gba abẹ́ rẹ̀ kọjá láìtẹ̀ba.

Lẹ́yìn ọdún 13, ọ̀pọ̀ nínú wọn yóò ti lọ sí ilé-ìwé tí wọ́n ń gbé, ilé náà yóò sì dá páro láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹ má ṣe sọ ọ́ di ibi tí a ń kó iṣu sí. Bí ọmọ náà bá dé fún ìsinmi, ẹ ó rí i tí yóò gùn ún lọ ní òun nìkan, pẹ̀lú ìwé tàbí fóònù, tàbí láìmú nǹkan kan lọ́wọ́. Ó lè jẹ́ ìdánwò ni ó ń rò, ó lè jẹ́ ọ̀rẹ́ kan, ó sì lè jẹ́ òkú ẹni tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ sin nínú ẹbí tí kò rí ibi sunkún sí láàárín èrò. Ẹ gbé oúnjẹ rẹ̀ sí ìdí àkàbà, kí ẹ wò ó láti òkèèrè, kí ẹ sì jẹ́ kí ó sọ̀kalẹ̀ nígbà tí ó bá tó àkókò lójú rẹ̀.

Bí àbúrò bá wà, ẹni tó ń fi ilé náà sílẹ̀ ni kí ó fi í hàn án, kì í ṣe ẹ̀yin. Òun ni yóò mú àbúrò yí ìdí igi ká, òun ni yóò fi ibi tí pákó ti ń yọ̀ nígbà òjò hàn án, òun ni yóò sọ èwo nínú òfin wọn ni kí ó mú lọ àti èwo ni kí ó jù nù.

Bí a ṣe ń tú u

Bí kò bá sí ọmọ tó ń lò ó mọ́, ẹ tú u. Pẹpẹ tí kò sí ẹni tó ń yẹ̀ ẹ́ wò yóò jẹrà láìhàn síta, ọmọ aládùúgbò ni yóò sì gùn ún lọ́jọ́ kan. Òkè ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀: tapólì, ọgbà, pákó ìtẹ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ìdábùú, kí òpó kẹ́yìn. Pákó tó ṣì dára wúlò fún àgò adìyẹ tàbí àga ìjókòó.

Bí bóòtì bá ṣì ń yí, ẹ fi sípánà tú u jáde, kí ẹ fi ihò rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀; ẹ má ṣe fi sìmẹ́ńtì dí i, igi yóò pa á dé fúnra rẹ̀. Bí igi bá ti gbé e mì, ẹ má ṣe gbẹ́ igi láti yọ ọ́. Ẹ fi ayùn irin gé èyí tó yọ síta kí ó dọ́gba pẹ̀lú èèpo, kí ọmọ tó gbé ilé náà sì fi ọ̀dà sàmì sí ibẹ̀, kí ó sọ ọ́ fún ẹni tí igi náà yóò jẹ́ tirẹ̀, nítorí pé irin yóò wà nínú igi náà títí ọjọ́ tí wọn yóò gé e, ẹni tó bá sì fi ẹ̀rọ ìgégi kan irin láìmọ̀ lè ṣèṣe.